Rọ́bà Tí Bàbá Wé Mọ́ Páìpù Gáàsì

Èmùré-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n mi Dípẹ̀olú,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òtútù Kánádà. Mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Kòkó wa kò so tó tèṣí, wọ́n sì ti fi Bàbá jẹ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ara Màámi ni kò yá. Wọ́n ní, “Má gbé ọ̀rọ̀ ulé lọ bá a níbi iṣẹ́.” Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́. Páìpù gáàsì wa ló là. Mo ní ká ra òmíràn, Bàbá ní ìnákúnàá ni, wọ́n sì gé rọ́bà kẹ̀kẹ́, wọ́n wé e mọ́ ọn. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ sì dá wọn lóhùn pé, “Ẹnjiníà wa!” Gbogbo àlejò ni wọ́n ń ka èsì yẹn fún.

Ní Sátidé kan, rọ́bà náà tú, gáàsì kún kíṣìnì, Màámi ò sì mọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣáná báyìí, iná bú, ó jó ojú wọn, ó jó apá ọ̀tún wọn dé ìgúnpá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, èmi ni mò ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu.

Lánàá, mo bá Bàbá lẹ́yìnkùlé, wọ́n tún ń wé rọ́bà mọ́ páìpù yẹn. Wọ́n ní, “N kò dì í le tó ni.”

Wọn ò gbọ́ tèmi tí mo wà níbí. Tiyín tí ẹ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ sọ pé kò dára.

Ọlọ́run á pa yín mọ́. Ẹ bá wa gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n ná.

Àbúrò yín,
Ìbídùn