Ọ̀rọ̀ Rìmóòtù Tó Sọnù Níbi Ìrántí Nana Agyeiwaa

                                        Badu Fídíò,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀,
                                        Konongo,
                                        Ilẹ̀ Ghana.
                                        17 Oṣù Kọkànlá, 2014.

Ṣìjúwadé ọ̀rẹ́ mi,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni mo fi ń sọ ọ́ di mímọ̀ fún ọ pé rìmóòtù ẹ̀rọ DVD ọ̀gá mi ti sọnù. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló sọnù. Dúdú ni, bọ́tìnì rẹ̀ kan ti yọ, a sì fi rọ́bà dè é nídìí kí bátìrì rẹ̀ má baà jábọ́. Bó bá jẹ́ pé orí ìdúró lo ti ń ka lẹ́tà yìí, jọ̀ọ́, wá àga kan.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, àbí wọ́n ṣì ń da àgbo sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n á ní àwọn ti mu ún? Ìjọba ìbílẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ti wá tábìlì fún ọ, àbí ojú fèrèsé lo ṣì ń lò? Ara tèmi le. Ara ọ̀gá mi ni kò fi bẹ́ẹ̀ le láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun ló jẹ́ kí n ráyè kọ̀wé.

O mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa ní Póòlì nípa iná mànàmáná, fídíò òkú ni mò ń gé. Ọ̀gá mi ni Wọ̀fá Badu. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Wọ̀fá, bí ẹni pé òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá gbogbo wa. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tí ń jẹ́ Anti Serwaa wọlé wá bá wa, ó di nǹkan kan mọ́ àyà nínú ìborùn. Ítálì ló ń gbé. Nígbà tí ìyá rẹ̀, Nana Agyeiwaa, kú lọ́dún tó kọjá, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, kò sì lè wá sìnkú. Ìrántí ọdún kan ló wá ṣe wàyí. Ohun tó wà nínú ìborùn náà ni àwo DVD kékeré kan, irú èyí tí kámẹ́rà ilé máa ń gba àwòrán sí tààrà. Ọjọ́ tí ìyá náà pé ọgọ́rin ọdún ló wà lórí rẹ̀. Kò sí ibòmíràn láyé yìí tí ohùn ìyá náà kù sí.

Inú oko tòmátì ni wọ́n ti rí àwo náà. Ẹnì kan ti fi okùn so ó mọ́ igi kó lè máa dẹ́rù ba ẹyẹ. Wọ̀fá béèrè bóyá àwọn ẹyẹ náà sá. Ó ní wọn kò sá.

"Wọ̀fá, mo bẹ̀ yín," ni Anti Serwaa wí. "Mo ti ń gbàgbé ohùn rẹ̀. Mo máa ń jókòó, mo máa ń wá a nínú orí mi, mi ò ní rí i."

Wọ̀fá mí sí àwo náà, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, ó kì í bọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà ké bí ewúrẹ́. Bó bá ti kan ibi tó ti ha, á dúró; a ó yọ ọ́, a ó nù ún, a ó tún kì í bọ̀ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, gbogbo rẹ̀ ti wọlé ní wẹ́wẹ́, a sì ti so wọ́n pọ̀. Bí Wọ̀fá ṣe wá fa àwo náà jáde báyìí, ó là sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò rí ọ̀gá mi kó gbàdúrà rí. Ọjọ́ yẹn ló gbà á, kọ̀ǹpútà ló sì gbà á fún.

Lẹ́yìn náà làwa àti Anti Serwaa jókòó wò ó. Ṣìjúwadé, n kò tíì pa ẹnu mi dé láti ìgbà náà. Nana Agyeiwaa jókòó nínú aṣọ funfun, àwọn ẹbí ń wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá náà sì ń fi èébú gbà wọ́n lálejò. Pásítọ̀ Ofosu, ọmọ àbúrò rẹ̀, wá gbàdúrà fún un. "Ofosu, gbé Bíbélì yẹn sílẹ̀," ni ìyá wí. "Èèyàn kì í fi bu ọbẹ̀. Ìgbín lo tìtorí ẹ̀ wá, lọ sí ìdáná." Ó yíjú sí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin: "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọrin níbi òkú mi? Ẹ jẹ́ n kúkú má kú." Ó wá kan Ọ̀pányìn Dwomoh, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, olórí ẹbí, ẹni tí ewúrẹ́ pàápàá máa ń yà fún lójú ọ̀nà. Kwabena ni ìyá náà ń pè é. "Kwabena! Wo bó ṣe ń jẹ fùfú, bí ẹni tí wọ́n yá lẹ́nu! Ọjọ́ tí mo bá kú, ìwọ lo máa sunkún jù, ìwọ tó ò gbé ẹyọ ìgbín kan wá fún mi rí. Sún sẹ́yìn, orí ẹ ń bò mí nínú kámẹ́rà!" Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí rẹ̀.

Anti Serwaa rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Láti ibi "Kwabena!" dé ibi ẹ̀rín yẹn ló ní ká fi ṣe ojú àwo tuntun tí a máa kọ fún ìrántí náà. Ojú àwo ni èyí tó máa ń hàn bí eré bá ti parí. Àwòrán kékeré kan náà ni yóò máa lọ, yóò parí, yóò tún bẹ̀rẹ̀, títí ẹnì kan yóò fi tẹ rìmóòtù. Mo gé e sọ́tọ̀ sínú fáìlì tirẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ìròyìn ti kárí ìlú. Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ó ní kì í ṣe nítorí ti òun, nítorí orúkọ Olúwa ni. A gé e. Àwọn akọrin dé, a gé wọn. Ẹni tí ìyá náà ò tilẹ̀ bá wí dé, ó ní bí ìyá ṣe wo òun kò dára. A gé ìwò náà.

Ọjọ́bọ̀ ni Ọ̀pányìn fúnra rẹ̀ wá. Ó wo ibi tí wọ́n ti bú u. "Tún un ṣe kí n tún wò ó, kí n mọ ibi tẹ́ ẹ máa gé." A tún un ṣe. "Tún un ṣe." A tún un ṣe. Ó fa àga sẹ́yìn. "Ẹ gé e. Mi ò lè gé tàwọn èèyàn kí n dá tèmi sí." Ó ní àwọn ẹbí ti fẹnu kò pé ká pa gbogbo èyí tí a gé kúrò rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, lójú òun. Orí ilẹ̀ ẹbí wọn ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Wọ̀fá pa á rẹ́.

Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ọgọ́rin ọdún ìyá náà ni pé ó kí àwọn èèyàn, ó béèrè omi, ó sín. Anti Serwaa wá wò ó. "Ta nìyí? Ìyá mi ò fi sùúrù kí èèyàn báyìí rí." Ó ní ká jẹ́ kí òun gbọ́ èyí tí a gé kúrò. Wọ̀fá gbójú sókè, ó ń wo àjà. Obìnrin náà jáde, ó gbàgbé ìborùn rẹ̀ sórí àga.

Ọjọ́ Ẹtì la kọ àwo tuntun. O mọ̀ pé lópin ọ̀sẹ̀, kò sí sípíkà kan nílùú yìí tí kò sí níbi òkú, tiwa náà ti lọ. Ojú lásán la fi yẹ̀ ẹ́ wò, láìsí ohùn. Ìyá ń rẹ́rìn-ín lójú àwo, ó dùn ún wò. Mo rò pé Wọ̀fá ti pa ohùn rẹ̀. Wọ̀fá rò pé mo ti pa á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àgbàlá kún, gbogbo wọn wọ dúdú òun funfun. Mo ki àwo bọ ẹ̀rọ, mo sì fi ọ̀wọ̀ gbé rìmóòtù síwájú Ọ̀pányìn. Ìyá kí wọn, ó béèrè omi, ó sín. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ dìde fún àdúrà ìparí, ó ní, "Olúwa, a dúpẹ́ fún ìyá oníwà pẹ̀lẹ́ yìí..."

"Kwabena! Wo bó ṣe ń jẹ fùfú!"

Ṣìjúwadé, ẹnu gbogbo àgbàlá là sílẹ̀. Ìyá bú Ọ̀pányìn délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. "Kwabena!" Wọ́n ní rìmóòtù dà. A wá a lábẹ́ àga, lábẹ́ aṣọ àwọn àgbà, nínú ìkòkò ọbẹ̀. Mo bi Ọ̀pányìn léèrè. "Ṣé mo jọ ẹni tó ń ta rìmóòtù ni?" ló fi dá mi lóhùn, ó fi aṣọ èjìká rẹ̀ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn èèyàn ní ìtìjú ti pa á. Wọ̀fá sáré lọ pé kí òun fa wáyà yọ, ó bá Anti Serwaa tó ti gbé àga síwájú ibi tí a ki wáyà bọ̀, tó jókòó tì í.

"Ẹni tó bá fọwọ́ kan wáyà yìí, mo máa sọ ohun tí ìyá mi sọ nípa ẹ̀." Kò sẹ́ni tó súnmọ́ ọn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́: sún sẹ́yìn, orí ẹ ń bò mí.

Ibẹ̀ la wà títí wọ́n fi mú iná lọ. Àwọn gan-an tó ń pariwo pé ká pa á ni wọ́n kígbe pé "Áà!"

Bá mi kí Màmá, kí o sì yọjú wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Kí ìyàwó, gbé àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Bí o bá gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta rìmóòtù dúdú, má ṣàì kọ̀wé.

Èmi tí o mọ̀ náà ni,
Gbémiléke.

Àfikún: Wọ́n lẹ èyí mọ́ ìlẹ̀kùn wa láàárọ̀ yìí. Mo dà á kọ fún ọ bó ṣe wà.

ÌKÉDE LÁTI ỌWỌ́ OLÓRÍ ẸBÍ OLÓÒGBÉ NANA AGYEIWAA. A fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹbí kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ sọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Rìmóòtù tí àwọn kan ń wá kiri kò sọnù. Ọwọ́ Olórí Ẹbí ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò títí dé òpin rẹ̀. Ẹ̀rọ náà yóò tún sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àgbàlá Olórí Ẹbí ní ọjọ́ Àìkú, bí iná bá wà. Kí olúkúlùkù gbé àga tirẹ̀ wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orí bo ìyá.