Ilẹ̀ Mi Lóko Jayéọlá

Àbámẹ́ta, 7/5/88
Àáró kàn mí lónìí. Àwa mẹ́fà tí à ń yípo oko ara wa pé síbẹ̀. Ebè gbọọrọ mẹ́tàdínlógójì. Akínọlá bi mí bóyá kí wọ́n dábùú òkè, bíi ti Jayéọlá. Mo ní rárá. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ tààrà, ó yá jù, omi á sì tètè ríbi gbà. Jayéọlá — Ọ̀gá Ilẹ̀ ni mo sọ ọ́ — ní, “Ẹ̀gbọ́n, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ yín o. Ọ̀gbàrá ò níí fi í sílẹ̀.” Mo ní, “Àbúrò, ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí.

Ìṣẹ́gun, 17/5
Òjò. Wákàtí kan àbọ̀.

Ọjọ́rú, 18/5
Ebè mọ́kànlá ti lọ. Gbòǹgbò àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù wà níta bí ẹsẹ̀ adìyẹ.
Oko Ọ̀gá Ilẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ tèmi. Ebè kan ò yẹ̀. Ó mọ ìdènà erùpẹ̀ ga ní ìdí oko, ó gbin ewé tíì sí i lórí kó lè di ilẹ̀ mú. Ẹ̀yìn ìdènà yẹn ni ilẹ̀ dúdú mi gúnlẹ̀ sí. Mo ki igi bọ̀ ọ́: ìka mẹ́sàn-án. Ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ló fi ń bọ́ àgbàdo.

Ẹtì, 20/5
Ọ̀gá Olúyẹmí, òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba, kó èèyàn mẹ́rìnlá wá láti Ọ̀yọ́ wá wo oko Jayéọlá. Fọ́tò lóríṣiríṣi. Oko mi ni wọ́n gbà kọjá. Ó nawọ́ sí ebè mi: “Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tá ò gbọdọ̀ ṣe nìyí.” Èèyàn mẹ́rìnlá yíjú sí i.
Nílé, ìyàwó mi ní, “Bàbá Bushrah, ẹ ò kúkú bi Jayéọlá bó ṣe ṣe é? Ẹ̀pà mi tó wà nísàlẹ̀ oko rẹ̀, òjò ò já ewé kan níbẹ̀.” Ó ń yin ọkùnrin mìíràn lórí oúnjẹ mi! Òkèlè mẹ́ta, mo fọwọ́.

Àìkú, 22/5
Jayéọlá kí mi lọ́nà. “Ẹ kú oko o, ẹ̀gbọ́n.” Ohùn rẹ̀ pàápàá dára ju tèmi lọ.

Ìṣẹ́gun, 24/5
Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán, oko. Òjò ti ṣú. Mo fi ọkọ́ la ìdènà Ọ̀gá Ilẹ̀. Ìgbésẹ̀ méjì péré ní fífẹ̀. Kí òun náà tọ́ ọ wò.

Ọjọ́bọ̀, 26/5
Òjò àná bá ojú ibi tí mo là. Omi oko mi àti ti oko rẹ̀ já síbẹ̀ pọ̀. Jayéọlá pàdánù ebè mẹ́ta.
Ẹ̀pà ìyàwó mi tó wà nísàlẹ̀ lọ pátá. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń fọwọ́ wá a. Mo ka ohun gbogbo — ẹsẹ̀ ebè, ìka ilẹ̀, orí àlejò. Ẹ̀pà rẹ̀ nìkan ni mi ò kà.

Àbámẹ́ta, 4/6
Ìpàdé àáró. Akínọlá béèrè ẹni tó la ìdènà.
Jayéọlá ní, “Òkété ni. Mo rí ojú ihò rẹ̀.”
Akínọlá ní, “Òkété wo ló ń gbẹ́ ilẹ̀ gún régé báyẹn?”
“Òkété tí inú ń bí.”
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò wo ojú mi. Ó wá ní àáró tó kàn òun lọ́jọ́ Ajé, òun yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi: kí wọ́n bá ẹ̀gbọ́n tún ebè kọ, kó dábùú. Òun á gbé ewé tíì wá. Mo ní, “O ṣé.”
Ìyàwó mi ti gbọ́ kí n tó délé. “Ẹ rí bó ṣe láàánú tó?”
Ilẹ̀ dúdú, ó ní in jù mí lọ. Àgbàdo, ó ní in jù mí lọ. Ó tún fi àánú lé e. Ìyẹn ò ṣeé fi ọkọ́ là.