Sítáǹpù Mẹ́tàdínlógún láti Òdìkejì Odò

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Lífù ọlọ́sẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ lónìí ní ilé ìtẹ̀wé. Wọ́n ti bá mi ná an kí n tó gbà á. Ẹ̀gbọ́n Màámi—Bàbá Dígí, nínú ìwé yìí nìkan, nítorí dígí amú-nǹkan-tóbi tí ó ń fi okùn so kọ́rùn—ojú rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará ilé àkójọ ohun àtijọ́ yóò wá gbé álíbọ́ọ̀mù sítáǹpù rẹ̀ ní Ajé tó ń bọ̀. Mẹ́sàn-án ni. Ó ní kí n tò wọ́n, kí n kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sí abẹ́ rẹ̀. Òun ló tọ́ mi, òun ló rán mi lọ sí pólì. N kò lè kọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ nu tábìlì fún mi. "Káàbọ̀ sọ́dọ̀ àwọn orogún mi. Àádọ́ta ọdún ni mo fi ń bá bébà du ọkọ, bébà ló borí."
Ọkọ rẹ̀ ní, "Àwọn kì í sáà pariwo."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta
Álíbọ́ọ̀mù mẹ́ta tán. Ẹyẹ, ọkọ̀ ojú omi, orí àwọn ọba. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta
Ìkẹrin: sítáǹpù ìgbà ogun. Nígbà tí ọmọ ogun ọ̀tá gba àwọn ìlú òdìkejì odò, wọn kò tẹ tuntun. Tiwa tí wọ́n bá nílẹ̀ ni wọ́n kó, tí wọ́n fi tàdáwà dúdú tẹ orúkọ ìjọba wọn lé e lórí. Ojú atẹ̀wé ni mo fi wò ó: iṣẹ́ ìkánjú. Ìlà wọ́ sápá kan, tàdáwà ṣàn. Orí aṣáájú tiwa ń yọjú lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n faṣọ bò lójú.

Mo mọ ogun yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Nọ́ọ̀sì ni Màámi ní òdìkejì odò. Ó fi mí sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ilé-ìwé, ni ọ̀nà bá dí. Oṣù mọ́kàndínlógún. Àwọn aláàánú tí ń gbé oògùn kọjá odò máa ń mú lẹ́tà dání. Ọmọ ilé kejì rí ọ̀kan gbà. Èmi, rárá. Kò sí ẹyọ kan.

Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta
Mo rí àpò bébà tínrín kan lẹ́yìn álíbọ́ọ̀mù kẹrin. Sítáǹpù mẹ́tàdínlógún, gbogbo rẹ̀ ló ti rin ìrìn-àjò. Bàbá Dígí fọwọ́ kan àpò náà, ó mọ̀ ọ́n kíá. Ó ní, "Kọ ọ́ pé a rà á." Mo bi í pé lọ́wọ́ ta ni. "Lọ́wọ́ ọlọ́jà kan. Ṣe iṣẹ́ rẹ." N kò tíì gbọ́ ohùn yẹn láti ìgbà tí mo ti dàgbà.

Mo kọ ọ́: A rà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta
Mo yá dígí rẹ̀. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan náà ló wà lára gbogbo wọn—ìlú tí ilé ìwòsàn Màámi wà. Mo to ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ wọn: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹyọ kan lóṣù kan, títí ogun fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ọlọ́jà wo ló ń tajà báyẹn?

Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ti rẹ sínú omi kí wọ́n tó ṣí i kúrò lára àpò lẹ́tà. Ìkẹtàdínlógún ṣì lẹ̀ mọ́ igun àpò rẹ̀. Ìparí ìlà kan hàn níbẹ̀, bírò búlúù: "…Ìrẹ̀ mi."

Ẹnì kan ṣoṣo láyé ló pè mí ní Ìrẹ̀ rí.

N kò jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta
Nígbà tí Màámi dé lẹ́yìn ogun, ó gbẹ bí igi. Ó ní, "Mo kọ̀wé sí ọ lóṣooṣù." Mo ní, "Irọ́ lẹ ń pa." Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kò sẹ́ni tó gbá mi létí. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, "Ẹ káàárọ̀ mà" ni. "Ó dàbọ̀ mà." Ọdún márùndínlógójì. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo sin ín bí ẹni sin aládùúgbò: mo ṣe gbogbo ohun tó yẹ, omijé kò bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ "Màámi". Inú ìwé yìí náà ni.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta
Mo gbé igun àpò lẹ́tà náà lé Bàbá Dígí lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ dúró lórí rẹ̀ pẹ́.

Ó ní ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń fi àwọn lẹ́tà náà lé òun lọ́wọ́. Ìjọba ti mú olùkọ́ kan ní òpópónà wa nítorí ìwé tó wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Kò padà wálé. "Mo máa ń kà á tán, màá sì dáná sun ún. Nítorí yín lẹ̀rù fi ń bà mí, gbogbo yín."
Mo ní, "Sítáǹpù ńkọ́?"
Ó ní, "Ọwọ́ mi kò gbé e láti sun ìyẹn."
Ìyàwó rẹ̀ ti dìde dúró. "Ogun tán, ẹ ò lanu? Ọmọ ń pe ìyá ẹ̀ ní onírọ́, ẹ jókòó tì í?"
"Ọ̀la ni mo ń fi í sí. Ọ̀la yẹn ló di ogójì ọdún ó lé."
Obìnrin náà wọlé lọ. Kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan.

Mo fa "A rà á" rẹ́. Mo kọ: Lẹ́tà ìyá sí ọmọ rẹ̀. A kò fi lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta
Àwọn ará ilé àkójọ kó àwọn álíbọ́ọ̀mù lọ. Akọ̀wé wọn ka ohun tí mo kọ, ó bi mí bóyá kó lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó lọ bẹ́ẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ni mo fún wọn. Èyí tó ní bírò búlúù wà lọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta
N kò lọ sí ilé Bàbá Dígí.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta
Ìyàwó rẹ̀ pè mí lórí fóònù. "Bàbá yín ò sùn, kò jẹun. Wá gbọ́ tẹnu ẹ̀, kódà bó ò bá ní dá a lóhùn."

Mo lọ. Ó ní láti ọjọ́ Àìkú lòun ti ń wá ohun tó wà nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn nínú orí òun. Ó ti lọ tán. Ẹyọ ohun kan ló kù, nítorí pé ìparí gbogbo wọn ni ó máa ń wà: "Ṣé eyín iwájú rẹ ti hù?"

Méjì ló ti ká nígbà tí Màámi fi mí sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló fi dá a lóhùn. Ó ní òun kò fèsì rí.

Wọ́n ti hù kí Màámi tó dé. Wọ́n funfun, wọ́n tò dáadáa. N kò rẹ́rìn-ín sí i rí kí ó lè rí wọn.