Àpótí Ìyá Àìná àti Nọ́ńbà Mẹ́ta

                                        Kèrè, ní Dassa-Zoumè,
                                        17 Oṣù Kẹta, 1979.

Odette, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti àwọn ọmọ wà? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ? Ara tiwa le, àfi oòrùn tó ń yan wá lórí àpáta bí ẹ̀pà. Lucienne àbúrò mi ti bímọ obìnrin, ó pé ọjọ́ méjìdínlógún lónìí. Má tíì bi mí ní orúkọ rẹ̀. Nítorí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé.

O rántí àpótí ìjókòó Ìyá Àgbà Àìná, èyí tí a máa ń jí jókòó lé ní kékeré, tí wọ́n á sì fi ìgbálẹ̀ lé wa. Gbogbo ọmọ tí a bí nílé wa, orí àpótí yẹn ni ìyá tó dàgbà jù máa ń jókòó sí, tí yóò gbé ọmọ lé itan, kí ó tó pe orúkọ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni Camarade Sylvestre (gbogbo wa ni ìjọba ní kí a máa pe ara wa ní camarade báyìí) wá yá a fún ìpàtẹ oṣù mẹ́ta, kí àwọn ará ìlú lè wo ọgbọ́n àwọn baba wọn. Sylvestre tó ń lẹ taya kẹ̀kẹ́ ní Soclogbo, tí gbogbo taya tó bá lẹ̀ máa ń jò kí ènìyàn tó délé, òun ni ìjọba Ìyípadà fi ṣe olórí àṣà ní dísítíríkì wa.

Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ 14 sí ìdí àpótí, ó kọ 14 sínú ìwé rẹ̀. Èmi ni mo wá da nǹkan rú. O mọ̀ pé nílé wa, ohun èlò tó bá ń lọ sí ilé ẹlòmíràn, a gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Mo mú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú, mo fọ ìdí rẹ̀ títí ó fi ń dán. Olùkọ́ ni mí o, mo sì fi ọwọ́ ara mi nu nọ́ńbà nù. Nígbà tó dé ọ́fíìsì pórófíńsì, wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n fún un ní 203. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ yín ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kotonu, níbi tí ẹ ti ń kọ fíìṣì, ìwé pélébé kan fún ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ tún fún un ní 1188, nítorí ẹ̀yin kì í ka nọ́ńbà ẹlòmíràn sí.

Oṣù mẹ́ta pé, oṣù mẹ́wàá pé. Nígbà tí oyún Lucienne wọ oṣù kẹsàn-án, mo lọ bá Sylvestre. Ó ní 14 ti lọ sí pórófíńsì. Pórófíńsì ní àwọn kò mọ 14 rí, 203 ni àwọn ní, ó sì ti lọ sí Kotonu. Kotonu dáhùn pé kò sí 203 lọ́dọ̀ àwọn, 1188 ni àpótí kan ṣoṣo tó ti pórófíńsì wa dé. Mo ṣàlàyé fún Sylvestre pé àpótí kan náà ni, pé tí wọ́n bá kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ìwé kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó wò mí bí ẹni tó bú ìyá rẹ̀.

“Camarade Perpétue, àpótí mẹ́ta ni Dassa fi sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè. Wọ́n ti kà á nípàdé, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún wa. Ṣé o fẹ́ kí n sọ ọ́ di ẹyọ kan?”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tún wá sílé, ó ní ilé wa lawọ́, ṣé a kò ní ẹ̀kẹrin.

Ìyá Àgbà kò bínú. Wọ́n ní àwọn kò ní jókòó sórí nǹkan mìíràn, àwọn lè dúró. Lucienne ló ń sunkún, nítorí ní ọ́fíìsì ìjọba, wọn kò gbà láti kọ ọmọ tí kò lórúkọ sínú ìwé ìbí. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí gan-an, nítorí ọṣẹ mi ló fà á.

Jọ̀wọ́, Odette, yí 1188 dojú dé. Wo ẹsẹ̀ òsì. Tí o bá rí ibi tó jóná níbẹ̀, èmi àti ìwọ ló gbé e lé ẹyín iná lọ́jọ́sí, tí a sì sọ pé ewúrẹ́ ni. Kọ 14 àti 203 sí ẹ̀gbẹ́ 1188 lórí fíìṣì yín, kọ Dassa sí i, lu òǹtẹ̀ lé e, kí o fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Òǹtẹ̀ Kotonu nìkan ni Sylvestre ń bẹ̀rù.

Bá mi kí baálé rẹ àti Isabelle ọmọ rẹ. Ìjọba ní kí a máa fi “ìjà ń tẹ̀síwájú” parí gbogbo lẹ́tà. Tiwa ń tẹ̀síwájú lóòótọ́. Àpótí ní nọ́ńbà mẹ́ta, ọmọ wa kò ní orúkọ kan. “Camarade” ni àwọn ará àdúgbò ń fi ọmọ náà ṣẹ̀fẹ̀ pè. Lánàá, wọ́n pè é bẹ́ẹ̀, ó sì yíjú sí wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó fọ àpótí,

Perpétue