Ta Ní Í Lọ Sinmi Níbi Tí Ọkọ̀ Ti Fọ́?

Forestville, Maryland

Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́ bàbá rẹ̀,

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́fà tí mo dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin New Carrollton, tí mò ń juwọ́ sí ọkọ̀ tó gbé ọ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Mo juwọ́ títí apá fi ń ro mí, kí ọkọ rẹ tó rọra sọ fún mi pé ọkọ̀ tìrẹ ti lọ tipẹ́, ẹni ẹlẹ́ni ni mò ń juwọ́ sí. Kò burú, mo ti súre fún àwọn náà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ẹni tó gbé ọ gba ojú òfuurufú kọjá yóò gbé ọ padà wálé, omi kò ní bá ọ ṣọ̀tá, ilẹ̀ àjèjì yóò tẹ́wọ́ gbà ọ́ bí ọmọ. Àmín.

Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ọkọ rẹ ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀ láyọ̀. Ewúro tí mo gbìn sínú ike lẹ́yìn ilé ti ń rúwé, àfi àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ àdúgbò yín tí wọ́n ń wá tọ́ ọ wò, tí wọ́n ń tutọ́, tí wọ́n tún ń padà wá. Ariwo mọ́tò ní òpópónà Beltway kò dákẹ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára, ó máa ń dà bí òjò létí mi nígbà míì.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, Fẹ́yìsayọ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ kí ọ dáadáa kí n tó sọ ọ́, torí pé ìbínú kò ní ká má kí ọmọ ẹni.

Ohun tí o sọ fún mi ni pé ò ń lọ sinmi ní erékùṣù kan lórí òkun Mẹditaréníà. Mo ní kò burú. Ìgbà tí o lọ tán ni mo tó bi ọkọ rẹ léèrè orúkọ ibẹ̀, ó ní Malta. Mo ní Malta wo? Ó yẹ fóònù wò, ó ní òun náà ni wọ́n ń pè ní Mélítà láyé àtijọ́. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìwọ, ọmọ Bàbá Òǹkàwé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fìdítì, tí o ti gbọ́ ìtàn yìí kí o tó mọ a-b-d! Mélítà tí ọkọ̀ àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù fọ́ sí, tí àwọn èèyàn fi pákó lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté, tí paramọ́lẹ̀ sì jáde látinú igi ìdáná, tó so mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú gbogbo ibi tí Ọlọ́run dá sáyé, ibẹ̀ lo wá rí lọ? Ta ní í lọ sinmi níbi tí ọkọ̀ ti fọ́?

Ọkọ rẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, mà, kò sí paramọ́lẹ̀ níbẹ̀ mọ́, òtẹ́ẹ̀lì ni ò ń gbé, wọn kì í fi igi dáná níbẹ̀. Mo ní ta làwọn paramọ́lẹ̀ náà dágbére fún nígbà tí wọ́n ń lọ? Jọ̀wọ́, máa gbọn bàtà rẹ kí o tó wọ̀ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá ní kí o bá òun ṣa igi ìdáná, sọ fún un pé ìyá rẹ ní rárá.

Ohun tó sì jẹ́ kó dùn mí jù ni pé o mọ ibi tí a bá ọ̀rọ̀ yìí dé nílé. Ìtàn náà ni bàbá yín ń kà lọ́wọ́ níbi àdúrà ìdájí kí àìsàn tó gbé wọn dè. Gbogbo ìdájí ni wọ́n ń kà á, tí ìwọ náà ń gbọ́ lórí fóònù láti Forestville níbí, nígbà tí tiyín jẹ́ òru. Ọkọ̀ náà ṣì wà lójú agbami, ìjì ń jà, kò sí oòrùn, kò sí ìràwọ̀, ibẹ̀ ni ohùn bàbá yín ti ṣíwọ́. Mo fi ewé ọsàn sáàárín Bíbélì wọn, mo pa á dé, mo gbé e sínú àpótí tí mo gbé wá sílé rẹ. Láti ìgbà tí a ti sin wọ́n, n kò ṣí i mọ́. N kò lè ṣí i.

Mo bi ọkọ rẹ pé kí ni èèyàn ń ṣe ní irú ibẹ̀. Ó ṣí fóònù, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó ní ohun mẹ́wàá tí ẹni tó bá dé Malta gbọ́dọ̀ ṣe nìyí. Gbọ́dọ̀! Mo ní ta ló pàṣẹ, ṣé ọba wọn ni? Ó ní rárá, ẹnì kan tó ti lọ rí ló kọ ọ́. Irú ìwọ̀sí wo nìyẹn? Ẹnì kan tí a kò mọ bàbá rẹ̀ jókòó síbì kan, ó ń pín iṣẹ́ fún ọmọ mi nígbà ìsinmi. O gbọ́dọ̀ rì sínú omi. O gbọ́dọ̀ gun òkè lọ wo oòrùn tó ń wọ̀, àfi bí ẹni pé oòrùn kì í wọ̀ ní Forestville. Mo bi í pé bí o bá ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ tí ó rẹ̀ ọ́, kí ni wọ́n ń fi ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe, ṣé wọ́n á jẹ́ kó wálé? Ọkọ rẹ kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, mo sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Lẹ́yìn náà ni àwọn fọ́tò rẹ bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Mo rí àwọn òyìnbó tí wọ́n na gbalaja sórí àpáta bí èlùbọ́ tí a sá, tí wọ́n ń yí ara wọn padà kí ẹ̀gbẹ́ kejì lè gbẹ, ìwọ náà sì wà láàárín wọn. Àwọ̀ tí Ọlọ́run ti sá fún ọ kí n tó bí ọ, kí lo tún ń sá? Mo rí ilé olókùúta kan tí kò ní òrùlé, o ní ó ti wà kí wọ́n tó bí Jésù, ẹ sì tò lórí ìlà láti wọ̀ ọ́, ẹ sanwó. Ilé bàbá bàbá rẹ ní Fìdítì náà kò ní òrùlé mọ́, ewúrẹ́ nìkan ló ń bẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí ibi tí o dojú bo omi, tí o fi ike sẹ́nu, tí ò ń yọjú wo ẹja nínú ilé wọn. O kò fẹ́ pa wọ́n, o kò fẹ́ rà wọ́n, kí ni wọ́n ṣe fún ọ?

Èyí tó gbé mi dìde lórí àga ni ti oko. O ní ẹ lọ bá ọkùnrin kan ká èso àjàrà lóko rẹ̀ láti àárọ̀, ẹ̀yin lẹ sì sanwó fún un. Fẹ́yìsayọ̀! Nínú Ìwé Mímọ́ pàápàá, olóko àjàrà ló ń sanwó fún àwọn alágbàṣe. Ọkùnrin yẹn gbọ́n, kí Ọlọ́run dárí jì í. Ìwọ yìí kan náà, bí bàbá yín bá ní kí o wá ká ọsàn lóko nígbà ìsinmi, wàá ní ẹ̀yìn ń dùn ọ́, wàá ní eèrà ń jẹ ọ́, wàá ní ìwé ń bẹ tí o fẹ́ kà. Bàbá yín á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì ká tìrẹ mọ́ tiwọn. Ó wá jẹ́ pé o kàn ń tọ́jú ẹ̀yìn náà pamọ́ de ará Malta ni.

Mo ní kí n gbé fóònù sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ mi má ru, àfi bí fọ́tò mìíràn ṣe wọlé. O jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi, òkun yí ọ ká, fìlà bàbá yín sì wà lórí rẹ.

Fìlà òfì aláró náà ni, n kò lè ṣì í mọ̀, èmi ni mo fi òwú funfun rán etí rẹ̀ nígbà tí òwú dúdú tán. Fìlà tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí o lọ! Mo ti tú àpótí mi palẹ̀. Mo ti sọ fún ọkọ rẹ pé ẹ̀rọ ìfọṣọ yín ló gbé e mì, ọmọlúàbí èèyàn sì tanná, ó ki orí bọ inú ẹ̀rọ náà kí ọkàn mi lè balẹ̀. O mọ̀ pé Ẹkúndayọ̀ àbúrò bàbá yín ti ń pè láti Fìdítì. Ó ní ó ti tó àkókò láti pín ẹrù ẹ̀gbọ́n òun, bẹ́ẹ̀ sì ni nílé wa, fìlà tó bá kẹ́yìn lórí ẹ̀gbọ́n, orí àbúrò tó tẹ̀ lé e ló ń bọ́ sí. Mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún un. Mo ní ó wà lọ́wọ́ mi. Ó wá wà lórí obìnrin, lórí òkun, nínú afẹ́fẹ́! Bí afẹ́fẹ́ bá gbé e, ta ni yóò rì wọnú omi lọ mú un, ṣé àwọn ẹja tí o lọ yọ lẹ́nu?

Mo fìbínú jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo fi í-meèlì ránṣẹ́ sí ọ síbi tí o kọ sílẹ̀ fún mi. Kí n tó gbọ́wọ́ kúrò, èsì ti dé. Mo ní ọmọ mi mà yá o. Mo kà á. O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ìwé mi, o ní o kò sí nítòsí, bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn kánjúkánjú, kí n pe Bridget tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Mo tún kọ òmíràn, mo ní èmi ìyá rẹ ni o, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà lo fi dá mi lóhùn, kò sí “mà” kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo lóyún rẹ, mo pọ̀n ọ́, o wá fà mí lé Bridget lọ́wọ́ bí ẹni fi ẹrù sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò.

Mo pè é. Mo ní èmi ni ọ̀ràn kánjúkánjú tí Fẹ́yìsayọ̀ ní kí o bójú tó.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ó ní òun ń bọ̀. Ó wa mọ́tò wá láti Greenbelt lẹ́yìn iṣẹ́, ó kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ọmọ Ẹ̀dó ni, Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ já geere. Mo ro ẹjọ́ rẹ fún un látòkè délẹ̀, paramọ́lẹ̀, àjàrà, fìlà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní Mummy, ṣé Fẹ́yì kò sọ fún yín ni? Ó ní láti ìgbà tí o ti dé láti ibi ìsìnkú, o kò sinmi ní ọjọ́ kan, bí wọ́n bá ní kí o máa lọ sílé, wàá ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti pọ̀ jù níbẹ̀ lóru. Ọ̀gá yín ló fi dandan lé e pé kí o lọ síbikíbi. O ní Malta. Bridget ní òun fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, òun ní ṣé o fẹ́ lọ yan ara rẹ nínú oòrùn bí òyìnbó ni. Ìwọ sì wá sọ fún un pé ní alẹ́ tí ohùn bàbá rẹ dún kẹ́yìn lórí fóònù, o bi wọ́n pé Bàbá, ṣé wọ́n máa dé èbúté báyìí? Wọ́n ní ó dọ̀la, Àmọ̀kẹ́, ọ̀la la ó gúnlẹ̀.

N kò mọ̀, ọmọ mi. Omi ni mo ń gbé kaná nínú ilé ìdáná ní ìdájí náà. N kò gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, àfi lẹ́nu Bridget.

Nígbà tó lọ tán, mo tún fóònù gbé. Mo wo fọ́tò náà dáadáa. Ìbínú kò jẹ́ kí n rí i tẹ́lẹ̀ pé o fi ìborùn rẹ gba orí fìlà náà kọjá, o sì so ó mọ́ àgbọ̀n rẹ pinpin, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Èyí tó wọlé lónìí sì rèé, o gbé fìlà náà nìkan sórí àpáta létí òkun, o kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ibí ni wọ́n ní ọkọ̀ náà ti fọ́. O wá gbé bàbá rẹ gúnlẹ̀.

Inú ṣì ń bí mi, má rò pé ó ti tán. Ọmọ kì í yọ́ fìlà bàbá rẹ̀ mú, ó ń tọrọ rẹ̀ ni. Ká ní o sọ fún mi ni, mi ò bá ti dì í fún ọ fúnra mi, mi ò bá sì fi ewé ọsàn yẹn sínú rẹ̀. Ní ti Ẹkúndayọ̀, agbádá ni yóò mú. Bó bá bínú, yóò bá èmi bínú, mo ti ń bá a jà kí wọ́n tó bí ọ. Fìlà di tìrẹ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ sọ́wọ́ ọkọ rẹ kí n fi ra ẹja gbígbẹ àti ẹ̀fọ́ láti se ọbẹ̀ fún Bridget, mi ò lè jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo nígbà tó bá tún wá. Fi díẹ̀ kún un fún ohun tí n ó fi dọdẹ àwọn ọ̀kẹ́rẹ́. Bí o bá sì ṣì fẹ́ sanwó láti ṣiṣẹ́ oko, koríko ń bẹ lẹ́yìn ilé yìí, n kò ní gbà jù lọ́wọ́ rẹ. Ọkọ rẹ ni yóò ya ìwé yìí ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ, torí n kò fẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn tún dá mi lóhùn.

Ọlọ́run yóò tù ọ́ nínú. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò gbà ọ́, iná ilé rẹ kò ní kú, ẹkún tí o gbé pamọ́ fún mi yóò rí ibi sọ̀kalẹ̀. Má gbé e pamọ́ mọ́, èmi náà ń gbé tèmi pamọ́ fún ọ ni.

Ní ìdájí ọ̀la, n ó ṣí ìwé náà níbi tí ewé ọsàn wà. Gbé fóònù rẹ sétí. N kò ní ohùn bíi ti bàbá yín, ṣùgbọ́n n ó kà á títí wọn yóò fi gúnlẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì gúnlẹ̀ tán, n ó ṣí ojú ewé tó kàn, n ó máa kà á lọ láràárọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ