Àkùkọ Ìpìlẹ̀ Ilé Ìyá Rẹ

                                                            Abúlé Lígíà,
                                                            Kírétè.
                                                            Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 1966.

Sífis, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ yẹn ńkọ́, ṣé wọn ò tíì fi pa ọ́ ní Ọsirélíà? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Ìbàdí ṣì ń dun bàbá mi, ṣùgbọ́n kò ní kó má bá mi jà láràárọ̀. Igi ólífì so gan-an lọ́dún yìí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ìyá rẹ lo fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ títí ká fi ọ̀bẹ bù ú. A ò kọ́ ilé náà sórí òkè tí o ní ká kọ́ ọ sí, a ò sì ní kọ́ ọ síbẹ̀ láéláé. Má tíì bínú. Kà á dé ìsàlẹ̀ ná.

Lẹ́yìn Àjíǹde la gbẹ́ igun àkọ́kọ́ ìpìlẹ̀ náà lórí òkè yẹn. Àlùfáà Gerásimọ wọ́n omi mímọ́ sí i. Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ gbé àkùkọ pupa yẹn wá, èyí tó máa ń lé ajá mi kiri. Bàbá Polikrónis bíríkìlà dú u, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ro sínú kòtò, a mu ọtí rakí, a ní kí ilé náà dúró bí òkè. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, dígà mi kan òkúta. Mo gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ògiri ni. Ìkòkò kan wà lẹ́yìn ògiri náà tó ga tó èmi.

Bàbá Polikrónis wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Bò ó, kíá! Tí ìjọba bá gbọ́, ilẹ̀ ti lọ nìyẹn."

Ta ló fẹ́ bò ó? Àlùfáà ti sọ fún ìyàwó rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi dé láti ìlú, obìnrin kan tó ń jẹ́ Evanthía ni ọ̀gá wọn. Ó ní ilé oko àwọn ará àtijọ́ ni, ilé àwọn tó ń fún òróró, tó ń tẹ èso àjàrà kí àwọn baba ńlá wa tó dé erékùṣù yìí. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀ mọ́. Mo jókòó sínú kòtò, mo ní àfi kí wọ́n gbé òkú mi kúrò.

Obìnrin náà wò mí, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, nígbà tó o ti kúkú wà nínú kòtò, gba ṣọ́bìrì."

Mo gbà á. Mo ní tí wọ́n bá máa gbẹ́ ilẹ̀ ọ̀rẹ́ mi, ojú mi ni wọn ó ti gbẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ni wàhálà. Mo ní kó gba ilẹ̀ wa tó wà lẹ́bàá kànga, kó kọ́lé síbẹ̀. Ó kọ̀. O mọ ohun tí àwọn ìyá wa máa ń sọ: tí ẹ̀jẹ̀ àkùkọ bá ti wọ ìpìlẹ̀, ilé gbọ́dọ̀ dúró lórí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀jẹ̀ náà á wá ẹlòmíì lọ. "Manúsọ," ó ní, "ṣé o fẹ́ kí n sùn nínú ilé tuntun, kí wọ́n wá kọ̀wé ikú ọmọ mi sí mi láti Ọsirélíà?" Àlùfáà bẹ̀ ẹ́, ó kọtí ikún. Èmi pariwo, tirẹ̀ ju tèmi lọ. Ó sì ń gbé inú ilé tí ògiri rẹ̀ ti là débi pé apá mi lè kọjá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òjò ti ń ṣú.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la dé ìsàlẹ̀ ògiri náà, ní igun tí ẹ̀jẹ̀ àkùkọ ro sí gan-an. Lábẹ́ òkúta àkọ́kọ́, a rí àwọn ife amọ̀ kéékèèké tí wọ́n dojú wọn dé ilẹ̀, pẹ̀lú eérú àti egungun ẹyẹ. Evanthía ní ẹbọ ìpìlẹ̀ ni, pé wọ́n ṣe é kí wọ́n tó kọ́lé. Mo ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, mo sáré lọ pe ìyá rẹ.

Ó dé tòun ti ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó wo ilẹ̀ títí.

"Ẹyẹ ni?"

"Ẹyẹ ni, ìyá."

Ó ṣe àmì àgbélébùú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo àwọn èèyàn yìí! Onílé ti wà níbí kí n tó dé. Ilé tó wà nílẹ̀ ni àkùkọ mi bá pàdé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rílé, kò wá ẹnì kankan mọ́." Ó kọjú sí Evanthía: "Ọmọ mi, fẹ̀sọ̀ gbẹ́ ẹ, ilé aládùúgbò mi ni." Ó wá kọjú sí mi: "Ìwọ, kí lo ń wò? Òjò ń bọ̀. Lọ pe Polikrónis!"

Àná la fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lẹ́bàá kànga. Àkùkọ tiwa la dú. Bàbá mi ní àkùkọ náà ló ń jí òun láàárọ̀. Mo ní èmi á máa kọ. Bàbá Polikrónis gbé dígà sókè, ó ní tó bá tún kan ògiri, òun náà á sá wá bá ọ ní Ọsirélíà. Kìkì iyẹ̀pẹ̀ ló kàn. A pàtẹ́wọ́.

Ògiri á dé ojú fèrèsé kí ìkórè ólífì tó kásẹ̀ nílẹ̀. Òkúta orí ilẹ̀kùn nìkan la ò ní gbé. Ìyá rẹ ní ọmọ ilé ló máa gbé e, òun ò gba tẹlòmíì. Mo ti sọ fún un pé o ń bọ̀ ní Àjíǹde. N kò bi ọ́ léèrè kí n tó sọ ọ́, n kò sì ní bi ọ́.

Bá mi kí ìyàwó, fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Bàbá mi ń kí ọ, Evanthía náà ní kí n kí onílẹ̀. Òkúta náà wúwo o. Máa jẹun dáadáa.

Èmi ni, alágídí rẹ láéláé,

Manúsọ