Alárinà Tí Kò Fẹ́ Jáde

Ilora, Túsìdeè, ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, 2026

Mo ti lóyún! Èmi àti Délé ọkọ mi nìkan la mọ̀.

Àfi bí Àǹtí Bísí, alárinà wa, ṣe wo ojú mi lónìí, tó ní: "Ìyàwó, ò ń fi nǹkan pamọ́ fún mi? Èmi tí mo so yín pọ̀! Èmi ni n óò sọ ọmọ yẹn lórúkọ."

Ọmọ tèmi kẹ̀! Mo kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n n kò jẹ́wọ́ nǹkan kan fún un.

Mo sọ fún Délé, tó ń ṣe oògùn òyìnbó níléeṣẹ́; ó ní irin bàbà làwọn fi ń so èròjà méjì, kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn, pọ̀ nínú oògùn. "Tó bá so wọ́n tán, a gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò. Tó bá kù síbẹ̀, oògùn bàjẹ́ nìyẹn."

Ẹ gbọ́!

Àǹtí Bísí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ oyún yìí lẹ́nu wa ṣáájú ẹnikẹ́ni. Kí gbogbo ẹbí, àtòun náà, dé ilé wa ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí, ká sọ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.